Ọkùnrin Tó Ní Òun Ti Kùmásí Bọ̀

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ẹnu dídùn gba owó lọ́wọ́ ènìyàn yìí ti sú mi, ó sì ti pẹ́ tó ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé mi, ènìyàn jẹ́jẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, wá jókòó sí pálọ̀ mi, ó ń fi ọwọ́ nu ojú, ó ní ẹnìkan pe òun lórí fóònù pé òun jẹ tẹ́tẹ́ kan tí òun ò ta. Mo ní, "Tẹ́tẹ́ tí o ò ta, báwo lo ṣe jẹ ẹ́?" Ó ní ohun tó ń ya òun náà lẹ́nu nìyẹn, ṣùgbọ́n owó ti lọ. Mo fẹ́ bínú. Ìwé kejì ni mo kà dé, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ mo kọ́lé, mo tún kọ́ òmíràn tì í, mo ní ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì sí gbájúẹ̀ kankan tó tíì jẹ kọ́bọ̀ mi láti ìgbà tí mo ti ń fọwọ́ ara mi wá owó. Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú. Ọ̀kan gbé góòlù wá bá mi ní gáréèjì Òkukù, ó ní òun fẹ́ tà á ní ẹ̀dínwó nítorí pé ìyá òun ń ṣàìsàn. Mo ní kó lọ fi ṣe eyín fún ìyá náà. Àwọn ènìyàn rò pé ọgbọ́n àbínibí ni. Ọgbọ́n àbínibí wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n inú ilé wa ní Inisa ni mo ti rí i kọ́, lọ́dún tí bàbá mi fẹ́ ká koríko kúrò lórí ilé kí wọ́n sì fi páànù bò ó.

Ilé wa nígbà náà, yàrá rẹpẹtẹ ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí àgbàlá kan ṣoṣo. Ìró ọlọ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀: Ìyá Bọ́lá, ìyálé màmá mi, ló máa ń lọ ata. Ìgbálẹ̀ á tẹ̀ lé e, wàá máa gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á wúkọ́. Bí Ìyá Àgbà bá ti wúkọ́, ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn, ohun yòówù kí oòrùn máa sọ. Àwọn ìyàwó á lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, Ìyá Àgbà á sì máa wo ẹni tó pẹ́ dé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi kún àmù, kí n sì tú adìẹ sílẹ̀. Mo ní àkùkọ kan nínú àwọn adìẹ yẹn, tèmi fúnra mi, pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń lé ajá aládùúgbò wa wọlé. Kò sí ọmọ kankan ládùúgbò tó ní irú ẹ̀.

Koríko bẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó wà lórí ilé náà ti gbó. Bí òjò bá ń rọ̀ níta, tiwa náà á máa rọ̀ nínú ilé. Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu tó ní igi kòkó díẹ̀ lọ́nà Ìbà, wọ́n sì ti sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́ pé òjò tó ń bọ̀ kò ní bá koríko lórí ilé àwọn. Wọ́n kó owó páànù jọ pẹ̀lú ìnira. Màmá mi, tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún àwọn èrò ọkọ̀ rélùwéè ní Òkukù, fi èrè tiwọn kún un. Ìyá Bọ́lá fi owó epo kún un. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni gbogbo ẹ̀ wà, nínú ìkòkò lábẹ́ ibùsùn, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é nílé wa: owó tó bá ti jẹ́ ti gbogbo ilé, ìyá tó dàgbà jù ló ń sùn tì í.

Ohun kan wà tí a kì í fi ẹnu kàn nílé náà. Ìyá Àgbà ní ọmọkùnrin kan tó ṣáájú bàbá mi, Oyèwùmí lorúkọ ẹ̀, ó bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kùmásí kí wọ́n tó bí mi. Láyé ìgbà yẹn, bóyá Inisa ni, bóyá Òkukù ni, bóyá Ìkìrun ni, kò sí ilé tí kò ní ẹnìkan ní Gáná. Ẹni tí nǹkan bá ń ṣe déédéé fún níbẹ̀ á fi aṣọ àti owó rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Oyèwùmí ránṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá kò ránṣẹ́ mọ́. Wọ́n wádìí títí. Ẹnìkan ní òun rí i lọ́jà, ẹlòmíràn ní ó ti ṣí lọ sápá òkè. Ó wá di pé bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ẹ̀, Ìyá Àgbà á kọjú sí ògiri, wọn ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ni bàbá mi bá pa á láṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹ̀gbọ́n àwọn mọ́ nílé náà. A ò sì dárúkọ ẹ̀. Èmi gan-an, tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo pa òfin yẹn mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkùnrin náà dé. Mo jókòó sí àgbàlá, mò ń bó ẹ̀gúsí. Ó wọ bàtà funfun, ó gbé àpótí onírin dúdú kan sórí, eruku ọ̀nà wà lára aṣọ ẹ̀. Ó sọ àpótí kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Àgbà, inú iyẹ̀pẹ̀ tí adìẹ ń tú. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, ìyá. Kùmásí ni mo ti ń bọ̀. Ọmọ yín ló ní kí n wá kí yín."

Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, ẹ jọ̀wọ́. Kò dárúkọ. "Ọmọ yín" ló sọ. Inú ilé èyíkéyìí ní gbogbo agbègbè yẹn ló ti lè sọ ọ́, kí wọ́n sì gbé àga fún un. Ìyá Àgbà ní, "Oyèwùmí?" Ọkùnrin náà gbójú sókè, omi ti wà lójú ẹ̀, ó ní, "Òun náà ni, ìyá. Oyèwùmí ló rán mi." Bí wọ́n ṣe fi orúkọ lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Ìyá Bọ́lá sáré jáde láti ibi tí wọ́n ti ń ro ọkà. Wọ́n bá Oyèwùmí nílé nígbà tí wọ́n ṣe ìyàwó, wọn ò sì lè pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, orúkọ tí àwọn ìyàwó fún un ni wọ́n pè. "Eyínfúnjowó ọkọ mi. Ṣé eyín ẹ̀ ṣì funfun báyẹn?" Ọkùnrin náà ní, "Eyín yẹn náà ló fi rẹ́rìn-ín sí mi nígbà tí mo ń wọkọ̀." Ìyá Bọ́lá ní, "Ẹsẹ̀ tó fi àdá ṣá lóko ńkọ́?" Ó ní, "Ìgbà ẹ̀rùn nìkan ni ẹsẹ̀ náà kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Bí òtútù bá dé, ó ń tiro díẹ̀." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki ilé wa. Ìbẹ̀rẹ̀ oríkì náà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá ti lọ sí ìnáwó méjì ní Inisa á mọ̀ ọ́n. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó ya sọ́dọ̀ ìdílé wa, ẹkún gbà á lẹ́nu. Ẹ sì mọ bó ṣe rí: bí ẹkún bá gbà á lẹ́nu ẹni tó ń ki ilé, àwọn obìnrin ilé ló ń gbà á, kí ọ̀rọ̀ má bàa já sílẹ̀. Ìyá Bọ́lá gbà á. Ìyá Àgbà gbà á. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, kò sí baba ńlá wa kan tí ọkùnrin yẹn kò mọ orúkọ ẹ̀, ó ti mọ oko wa, ó ti mọ ibi tí wọ́n sin bàbá bàbá mi sí. Ó nu ojú. Ó ní, "Gbogbo ohun tí Oyèwùmí sọ fún mi gẹ́lẹ́ nìyí."

Màmá mi dé láti Òkukù nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú àtẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí. Wọ́n kúnlẹ̀ kí àlejò, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbà nínú ẹ̀gúsí náà, wọ́n sì ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí bàbá mi dé láti oko, màmá mi tẹ̀ lé wọn lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni fẹ́ gbé omi ẹsẹ̀ fún wọn. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Màmá mi ní, "Bàbá Bọ́lá, láti ìgbà tí mo ti dé, ọkùnrin yìí ò tíì sọ ohun kan tí ẹnìkan ò kọ́kọ́ sọ fún un. Irú wọn pọ̀ ní rélùwéè. Wọ́n á ní, 'Ṣé ẹ ò rántí mi ni?' Ẹni náà á ní, 'Àbí ìwọ ni ọmọ Lámidì?' Wọ́n á ní, 'Ọmọ Lámidì ni mí.'" Bàbá mi ń fọ ẹsẹ̀, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Kí ni kí n wá ṣe? Kí n lọ sọ fún ìyá mi pé ọmọ wọn kọ́ ló ránṣẹ́? Tí kì í bá ṣe òun ló ránṣẹ́, níbo ló wà?" Màmá mi gbé omi ẹsẹ̀ náà dà nù. Títí di òní mi ò tíì rí èsì fún ìbéèrè yẹn, bí mo ṣe mọ ọ̀rọ̀ tó.

Wọ́n pa àkùkọ mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Wọ́n fi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mo fọwọ́ ara mi bó, wọ́n gún iyán tì í, wọ́n sì gbé iwe adìẹ náà fún àlejò, iwe tó jẹ́ pé bàbá mi nìkan ló ń jẹ ẹ́ nílé wa. Ó jẹ ẹ́, ó fọ eegun àkùkọ mi, ó fa mùdùnmúdùn inú ẹ̀. Ìgbà tó mumi tán ló tó sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní Oyèwùmí kó ẹrù fún òun, àpótí aṣọ àrán, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹrù náà sì ti dé rélùwéè Ìkìrun. Ó gbójú sókè, ó wo koríko orí ilé wa, ó wò ó dáadáa, ó wá ní, "Àti páànù. Ó ní òjò kò gbọdọ̀ pa ìyá òun." Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin náà ní owó ibodè ni wọn ò tíì san lórí ẹ̀, òun ì bá san án, àwọn olè ló dá àwọn lọ́nà. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá ṣú tí wọn ò gbà á, ìjọba á gbẹ́sẹ̀ lé e. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ará ìta gbọ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ inú aládùúgbò.

Màmá mi kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí bàbá Bọ́lá mú owó náà dání. Kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi fọwọ́ kan ẹrù." Ohùn wọn lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dára, kò sí agbẹjọ́rò tó lè sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà wò wọ́n títí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọmọ tìrẹ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, ó ń fi ìka lá àwo. Ìwọ lè ní sùúrù." Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, a sì gbọ́ ìró ìkòkò náà bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ jáde lábẹ́ ibùsùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkìrun lọ́jọ́ kejì, díẹ̀díẹ̀ ni bàbá mi sọ ọ́ jáde, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Àwọn méjèèjì wọ bọ̀lẹ̀kájà láàárọ̀, owó náà wà lábẹ́ agbádá bàbá mi, àpótí dúdú wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n dé rélùwéè, ọkùnrin náà ní akọ̀wé tó ń gba owó ibodè kì í fẹ́ rí ojú méjì, nítorí pé ó máa bá wọn dín in kù díẹ̀. Ó ní kí bàbá mi kó owó náà fún òun, kí wọ́n sì jókòó ti àpótí òun. "Gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà nínú ẹ̀, bàbá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án." Bàbá mi rò ó pé ẹni tó fi gbogbo ẹrù ẹ̀ sílẹ̀ kò lè sá lọ. Wọ́n kó owó náà fún un. Wọ́n jókòó sórí àpótí náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ọkọ̀ rélùwéè dé, ó lọ, òmíràn dé. Ebi ń pa wọ́n, wọn ò dìde; ọmọdé kan fẹ́ fara ti àpótí náà, wọ́n lé e. Bàbá mi, tó lè fi ojú lásán mọ iṣu tó ti ní kòkòrò, ló ń ṣọ́ ẹrù olè fún olè. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí ẹ̀. Ká ní èmi ni wọ́n mú lọ ni, ǹ bá ti tẹ̀ lé ọkùnrin yẹn dé inú ilé ìgbẹ́.

Àwa ń retí nílé. Nírọ̀lẹ́ ni bàbá mi yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí dúdú náà lórí. Àpótí ni Ìyá Àgbà kọ́kọ́ rí, wọ́n rò pé ara ẹrù ọmọ wọn ni. Wọ́n fi ọ̀pá wọn sílẹ̀ sí ara ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó, Ìyá Àgbà tí kì í dìde láìsí ọ̀pá. Ìyá Bọ́lá ń pe Eyínfúnjowó, àwọn aládùúgbò ń wọlé, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Bàbá mi dúró láàárín wọn, wọn ò sọ ẹrù. Mo rí ọrùn wọn bó ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ àpótí náà. Ìyá Àgbà ní, "Àlàó, àwọn yòókù dà?" Bàbá mi wo màmá mi. Wọ́n ní, "Èyí ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ìyá. Ìyókù ń bọ̀." Màmá mi ló gbà wọ́n lẹ́rù, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì jókòó sórí ẹ̀ wéré. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká má ṣí i títí ẹrù á fi pé." Obìnrin tó mọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wá fi ṣe ìdérí irọ́. Iyanrìn ló wà nínú ẹ̀, iyanrìn àti àpò ìdọ̀họ tó ti ya. Ẹ̀yìnkùlé la ti ṣí i nígbà tí Ìyá Àgbà sùn lọ, èmi ni mo di àtùpà mú. Bàbá mi tún tì í pa, wọ́n gbé e lọ sí yàrá Ìyá Àgbà.

Ohun tó wá bí mi nínú jù nìyí. Kò pẹ́ tí màmá mi fi gbọ́ ní Òkukù pé ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun ti wọ agboolé kan níbẹ̀, ó ní Kùmásí ni òun ti ń bọ̀, ọmọ wọn ló rán òun. Àwọn yẹn ní, "Sùnmọ́nù?" Ó ní, "Òun náà ni." Wọ́n ta àgùntàn kún owó tí wọ́n kó fún un. Màmá mi ì bá ti kìlọ̀ fún wọn. Bàbá mi ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ síta, kí Ìyá Àgbà má bàa gbọ́, kí ará ìlú má bàa fi wá rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì wá, ìtìjú yẹn ni olè náà gùn bí ẹṣin dé Òkukù. Bí wọ́n bá ti lù ọ́ ní jìbìtì, ìwọ sáà pariwo. Lọ sọ ọ́ lọ́jà, lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ayálégbé mi yẹn náà, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Ó ń bínú sí mi, kó máa bínú. Àti pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní òun mọ̀ yín kọ́kọ́ sọ orúkọ fúnra ẹ̀, kí ẹ sì pa ẹnu tiyín mọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ yára, ẹ jókòó. Ẹni tó bá ní kí ẹ má sọ fún ará ilé, ará ilé gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Kí ló le níbẹ̀? Mo ń sọ ọ́ láti ọdún yẹn wá, ó wá dà bíi pé mò ń bá àga sọ̀rọ̀.

Òjò dé, ó bá koríko lórí ilé. Gbogbo abọ́ ilé wà nílẹ̀, a ń fi gbe omi. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni bàbá mi ń wá irọ́ tuntun: afárá ti já lọ́nà, akọ̀wé ti lọ fún ìsinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò náà pọ̀ gan-an, gbogbo wa kó sínú yàrá Ìyá Àgbà nítorí pé ibẹ̀ ni kò jò jù. Bàbá mi ní, "Ìyá, mo gbọ́ pé ẹrù yẹn ti—" Ìyá Àgbà ní, "Àlàó, ó tó. Iyanrìn ló wà nínú àpótí yẹn. Kò ju ọjọ́ kejì tí ẹ gbé e wọlé lọ tí mo ti ṣí i." Màmá mi ní, "Ìyá, ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́?" Ìyá Àgbà ń wo omi tó ń kán sínú abọ́. Wọ́n ní, "Ọkùnrin yẹn jókòó nílé yìí, ó ń pe ọmọ mi lórúkọ láti ọ̀sán títí a fi lọ sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ìgbà wo lẹ pè é kẹ́yìn?"

Inú bí mi nígbà yẹn, inú ṣì ń bí mi. Àwa la fi orúkọ náà lé olè yẹn lọ́wọ́ kó tó tà á padà fún wa. Mo fẹ́ sọ ọ́, màmá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

Bàbá mi tẹ orí ba. Wọ́n ní, "Oyèwùmí."

Ìyá Àgbà ní, "Pè é dáadáa. Òjò ń pariwo."

Bàbá mi dìde, wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu bí ẹni ń pe ènìyàn láti oko dé oko. "Oyèwùmí o. Oyèwùmí." Òjò gbé e lọ. Ìyá Bọ́lá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń pe Eyínfúnjowó. Màmá mi náà, tí kò rí Oyèwùmí sójú rí, dìde lọ pè é. Aládùúgbò wa, onílé tó ní ajá yẹn, yọ orí lójú fèrèsé lódì kejì, ó fi ariwo bi wá pé, "Ṣé ó ti dé ni?"

Ìyá Àgbà ló dá a lóhùn láti orí ibùsùn. Wọ́n ní, "Kò tíì dé. À ń pè é ni."